Ìrora, Ọpọlọ àti Àwòrán: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìmọ̀ Ìrora Ọlọ́jọ́-gbọọrọ

1.0 ÌFÁÁRÀ

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń fi ẹ̀rọ wo inú orí ènìyàn alààyè láti mọ ohun tí ọpọlọ ń ṣe nígbà tí ìrora bá ń bá ara jà. Apá méjì ni iṣẹ́ náà pín sí. Apá kìn-ín-ní ni yíya àwòrán ọpọlọ ẹni tí ó wà nínú ìrora. Apá kejì ni kíkọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti máa wo ìṣesí ọpọlọ ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì gbìyànjú láti yí ìṣesí náà padà. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti àwọn ògbufọ̀ ń bá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí pàdé, ṣùgbọ́n wọn kò tí ì ní orúkọ tí ó ṣe déédéé fún wọn ní èdè Yorùbá.

Láti ìgbà tí iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí ti bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu láàrin wa, ohun tí a sábà máa ń béèrè nípa ọ̀rọ̀ tuntun ni pé: ǹjẹ́ ó rọrùn láti pè? Ǹjẹ́ ó bá òfin gírámà Yorùbá mu? Ǹjẹ́ kò gùn jù? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú wọn, pàápàá nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Ìbéèrè náà ni pé: kí ni ọ̀rọ̀ náà yóò sọ fún aláìsàn tí ó bá gbọ́ ọ?

Ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ lójú wa ni ó mú wa ronú sí i. Ìyá àgbàlagbà kan, tí ẹ̀yìn ti ń dùn fún ọdún púpọ̀, lọ sí ilé-ìwòsàn kan. Dókítà fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò burú tó bí ìrora náà ti pọ̀ tó, àti pé ọpọlọ wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ìrora náà lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń ṣe ògbufọ̀ wí fún ìyá náà pé: "Màmá, wọ́n ní inú ọpọlọ yín ni ìrora náà wà, àìsàn bárakú sì ni." Ìyá náà dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní: "Ẹ̀yìn ni mo ní ó ń dùn mí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ya wèrè." Kò padà sí ilé-ìwòsàn náà mọ́.

Bí a bá yẹ gbólóhùn ògbufọ̀ yìí wò, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí kì í ṣe Yorùbá gidi. Kò sì fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ purọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀ ni ó lò. Àwọn ọ̀rọ̀ náà ni kò tó iṣẹ́ tí a fi wọ́n ṣe. A ó kọ́kọ́ wo bí Yorùbá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìrora. A ó wá wo ìrora tí ó pẹ́ lára, àwòrán ọpọlọ, àti ẹ̀kọ́ tí a ń fi ìṣesí ọpọlọ kọ́ra ẹni. Ní ìparí, a ó padà sí ọ̀dọ̀ ìyá yìí.

2.0 ÌRORA NÍNÚ ÈDÈ YORÙBÁ

2.1 Èdè wa kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún ìrora. Bí ó bá jẹ́ orí ni, a ó ní ó ń fọ́ wa. Bí ó bá jẹ́ inú, a ó ní ó ń run wá. Egbò a máa ta wá, ẹ̀gbẹ́ a máa gún wa, orúnkún a máa ro wá. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó kó gbogbo wọn pọ̀ ni dùn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé "ẹsẹ̀ ń dùn mí". Ẹ kíyè sí ìhun gbólóhùn yìí: ẹ̀yà ara ni olùwà, ènìyàn sì ni àbọ̀. Èdè náà fúnra rẹ̀ ti fi ìrora sí ibi tí ó ti ń dunni. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá láti gbà pé "inú ọpọlọ" ni ìrora ẹ̀yìn wà. Lójú tirẹ̀, ńṣe ni a gba ìrora náà kúrò lẹ́yìn, tí a gbé e lọ sí orí.

2.2 Ọ̀rọ̀-ìṣe dùn yìí kan náà ni a ń lò fún ìbànújẹ́: "ikú bàbá rẹ̀ dùn wá púpọ̀". Ara àti ọkàn ni ó ń bá sọ̀rọ̀ pọ̀. Èyí kò jìnnà sí ohun tí àwọn onímọ̀ fi ẹnu kò lé lórí. Ní ọdún 1979, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrora, International Association for the Study of Pain, gbé oríkì kan jáde. Wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2020. Kókó oríkì náà ni pé ìrora jẹ́ ìrírí tí kò báni lára mu, tí ó ní ti ara àti ti ọkàn nínú, tí ó so mọ́ ìpalára ẹran ara tàbí tí ó jọ irú èyí tí ìpalára máa ń fà. Wọ́n fi kún un pé bí ènìyàn bá sọ pé òun ń jẹ̀rora, ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò lè sọ dùn di ọ̀rọ̀-orúkọ kí a fi ṣe ọ̀rọ̀-ìperí. Ẹni tí ó bá gbọ́ "dídùn" yóò rò pé oyin tàbí orin ni à ń sọ. Nítorí náà, ìrora ni a fara mọ́. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni, kò sì sí ìdí tí a ó fi wá òmíràn.

2.3 Ohun tí kò tí ì ní orúkọ ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ kí ìrora tó dé. Bí iná bá jó ìka, àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára yóò gbé ìròyìn ìpalára náà lọ sí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti dé ọpọlọ. Ìròyìn yìí kì í ṣe ìrora. Ẹni tí a ti fún ní oògùn oorun kí a tó la inú rẹ̀ kò mọ ìrora rárá, bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn sì lè máa gba ojú iṣan lọ. Ní ìdà kejì, ẹni tí a ti gé lẹ́sẹ̀ lè máa jẹ̀rora níbi tí ẹsẹ̀ náà wà tẹ́lẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń pe gbígba ìròyìn ìpalára yìí ní nociception. A dábàá ìtalólobó ìpalára fún un. Ẹni tí ó ta wá lólobó kò tí ì ṣe nǹkan kan fún wa. Ó sọ ni, ọwọ́ wa ni ó kù sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣan pẹ̀lú ọpọlọ.

Ọ̀rọ̀ iṣan fúnra rẹ̀ ń fẹ́ àmójútó. Yorùbá ń fi iṣan pe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, èyí tí ń fún ara ní agbára, àti èyí tí ń gbé ìròyìn. A dábàá pé kí a máa fi àfikún yà wọ́n sọ́tọ̀: iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan agbára, iṣan ìmọ̀lára.

2.4 Ní ọdún 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall gbé àbá kan kalẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ní ohun kan wà nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn tí ó dà bí ẹnu ọ̀nà, tí ó lè jẹ́ kí olobó kọjá tàbí kí ó dá a dúró. Ọpọlọ náà lè ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ láti ṣí i tàbí láti tì í. Bí a bá fi ẹsẹ̀ gbá òkúta, tí a sì fi ọwọ́ pa ojú ibẹ̀, ìrora a máa dínkù díẹ̀. Ìmọ̀lára ọwọ́ ni ó dí olobó ìpalára lọ́nà. Wọ́n ti ṣe àtúnṣe sí àbá náà láti ìgbà náà wá, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ ṣì dúró. Yorùbá ti mọ ẹnubodè àti oníbodè láti ìgbà tí ìlú ti ní odi. Nítorí náà, àbá oníbodè ni a ó máa pè é.

3.0 BÁRAKÚ ÀBÍ ỌLỌ́JỌ́-GBỌỌRỌ?

Ìrora tí ó dé lójijì, tí ó sì lọ nígbà tí egbò san, kò ṣòro láti sọ lórúkọ: ìrora òjijì ni. Wàhálà wà lára èyí tí kò lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn ni àìsàn bárakú. Bí a bá tú u palẹ̀, ohun tí ó ń sọ ni pé àìsàn náà yóò bá ara kú. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni a ń lò fún ìwà burúkú tí kò ṣeé fi sílẹ̀: ọtí ti di bárakú fún lágbájá.

Àwọn onímọ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìrora. Nínú ìwé ìpínsísọ̀rí àìsàn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2022, èyí tí ó jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kọkànlá irú rẹ̀, a fún ìrora yìí ní ìsọ̀rí tirẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n lò ni pé kí ó ti ju oṣù 3 lọ, tàbí kí ó máa lọ kí ó máa bọ̀ fún ju oṣù 3. Kò sí ohun tí ó jọ ikú nínú ìwọ̀n náà. Bí ìrora ẹnì kan bá pé oṣù 4, tí a sì sọ fún un pé bárakú ni, a ti dá a lẹ́jọ́ tí dókítà kò dá.

A yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta wò láti fi rọ́pò rẹ̀. Ìrora ayérayé burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìrora ọlọ́jọ́lórí dára létí, ṣùgbọ́n ọlọ́jọ́lórí ti di orúkọ ọ̀wọ̀ fún àgbàlagbà, kò sì yẹ kí a fi àgbà sọ àìsàn. Ìrora ọlọ́jọ́-gbọọrọ ni a yàn. Ó sọ pé ìrora náà pẹ́. Kò sọ pé kò ní í lọ.

4.0 ÀWÒRÁN ỌPỌLỌ

4.1 Kí a tó lọ jìnnà, a fẹ́ rán àwọn òǹkọ̀wé létí pé àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọpọlọ ni ó wà nínú orí. Ọ̀pọ̀lọ́ ni ó ń fò lẹ́bàá odò. A ti rí ìwé tí ó sọ pé a ya àwòrán ọ̀pọ̀lọ́ aláìsàn.

Ìṣòro tí ó tóbi ju èyí lọ ni pé, nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, bí a bá ti dárúkọ ọpọlọ pẹ̀lú àìsàn, wèrè ni ó ń wá sí ọkàn olùgbọ́. "Ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú," "ọpọlọ rẹ̀ kò pé" ni a ń gbọ́. Nítorí náà, ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ sọ pé ìrora "wà nínú ọpọlọ". Kí ó sọ pé ọpọlọ "lọ́wọ́ sí i". Gbólóhùn kejì yìí sún mọ́ òtítọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

4.2 Àwòrán ìrísí. Ẹ̀rọ tí a ń lò jù ni ẹ̀rọ olóòfà, tí ń fi agbára òòfà ńlá àti ìgbì rédíò ya àwòrán inú ara. Paul Lauterbur ti Amẹ́ríkà àti Peter Mansfield ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba Ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn ní ọdún 2003 nítorí ipa tí wọ́n kó nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ yìí bá fi bí ọpọlọ ti rí hàn, ìyẹn títóbi rẹ̀, kíkéré rẹ̀ àti ìpín rẹ̀, àwòrán ìrísí ọpọlọ ni.

Ní ọdún 2004, Vania Apkarian àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Northwestern University ní Chicago ṣe irú àwòrán yìí fún ènìyàn 26 tí ẹ̀yìn ti ń dùn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n rí i pé ẹran ọpọlọ aláwọ̀ eérú wọn fi ìdá 5 sí 11 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí ara wọn le. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Báwo ni a ó ti sọ èyí ní Yorùbá? Bí a bá ní ọpọlọ ń "jẹrà" tàbí ń "bàjẹ́", a ti sọ pé kò ní àtúnṣe. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí kan ní Jámánì yẹ ènìyàn 32 wò tí oríkèé ìgbaròkó ń dùn. Wọ́n tẹ̀ lé 10 nínú wọn lẹ́yìn tí a fi oríkèé àtọwọ́dá rọ́pò ti àtijọ́. Bí ìrora ti lọ, ẹran ọpọlọ aláwọ̀ eérú náà tún pọ̀ sí i. Ìrora ni ó fa ìdínkù. Ìdínkù kọ́ ni ó fa ìrora. Nítorí náà, ìdínkù ẹran ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ tí ó tọ́. Ohun tí ó dínkù lè tún pọ̀. Ohun tí ó jẹrà ti lọ nìyẹn.

4.3 Àwòrán iṣẹ́. Ní ọdún 1990, Seiji Ogawa, ọmọ ilẹ̀ Japan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ẹ̀rọ olóòfà lè mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀jẹ̀ tí ó ní ọ́ksíjìn púpọ̀ àti èyí tí ọ́ksíjìn rẹ̀ ti lọ. Ibi tí ọpọlọ bá ti ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ tuntun ń ṣàn lọ. Ẹ̀rọ náà yóò rí ìyípadà yìí lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Èyí ni a dábàá pé kí a máa pè ní àwòrán iṣẹ́ ọpọlọ.

Àwọn kan ti ń pè é ní "àwòrán ìrora" nínú ìwé ìròyìn. A kò fara mọ́ ọn rárá, nítorí ìdí méjì. Ìdí kìn-ín-ní ni pé ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rọ náà rí. Kò rí ìrora, kò sì rí èrò. Ìdí kejì ni pé àwọ̀ pupa àti yẹ́lò tí ó wà lára àwòrán náà kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ fojú rí bí kámẹ́rà ti ń rí ojú ènìyàn. Ìṣirò ni ó fi í síbẹ̀. Ní ọdún 2009, Craig Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé òkú ẹja salmon kan sínú ẹ̀rọ olóòfà, wọ́n fi àwòrán ènìyàn hàn án, wọ́n sì ṣe ìṣirò láìṣe àtúnṣe tí ó yẹ. Àwòrán jáde tí ó fi hàn pé ọpọlọ òkú ẹja náà ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣe èyí láti kìlọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pé ẹni tí kò bá ṣọ́ ìṣirò rẹ̀ yóò rí ohun tí kò sí. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ fo ìtàn ẹja náà.

4.4 Kí ni àwòrán iṣẹ́ ti wá kọ́ wa nípa ìrora? Ní ọdún 1997, Pierre Rainville àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montréal ní Kánádà ní kí àwọn olùkópa ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná tí ń dunni. Wọ́n fi ọgbọ́n hypnosis mú kí bí ìrora náà ti ń ni wọ́n lára pọ̀ sí i tàbí kí ó dínkù, bẹ́ẹ̀ ni omi náà kò yí padà. Ìṣesí apá kan nínú ọpọlọ tẹ̀ lé ìnira náà. Apá tí ń gba ìmọ̀lára awọ ara kò yí padà bẹ́ẹ̀. Apá àkọ́kọ́ yìí ni àwọn onímọ̀ fi orúkọ Látìn sọ, èyí tí ó túmọ̀ sí ìgbànú, nítorí pé ó yí àárín ọpọlọ ká. Kò sí ìdí tí Yorùbá kò fi ní í pè é ní ìgbànú ọpọlọ. Ẹ rántí ọ̀rọ̀-ìṣe dùn: ti ara àti ti ọkàn wà nínú ìrora lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ní ọdún 2013, Tor Wager àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 114. Wọ́n fi ìṣirò kọ̀ǹpútà wá àpẹẹrẹ ìṣesí ọpọlọ tí ó lè ya ooru tí ń dunni sọ́tọ̀ kúrò lára ooru lásán, ó sì ṣe é dé ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ara líle ni àwọn ènìyàn náà ní, ìrora òjijì tí a fi ooru dá sílẹ̀ sì ni. A kò lè gbé e ka orí ẹni tí ẹ̀yìn ti ń dùn fún ọdún mẹ́wàá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé ẹjọ́ àti ilé iṣẹ́ adójútòfò. Bí a bá gbà pé "àwòrán ìrora" wà, ẹni tí àwòrán rẹ̀ kò fi nǹkan hàn ti di òpùrọ́ nìyẹn. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ kan tí ẹgbẹ́ àgbáyé tí a dárúkọ lókè yìí yàn sọ pé kò tọ́ kí a fi àwòrán ọpọlọ ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan ń jẹ̀rora tàbí kò jẹ̀rora. Ẹnu aláìsàn ni ẹ̀rí pàtàkì. Ọ̀rọ̀-ìperí tí a bá yàn gbọ́dọ̀ bá ìdájọ́ yìí mu.

4.5 Ọ̀nà kejì ni gbígba ìgbì mọ̀nàmọ́ná tí ń jáde láti ọpọlọ. Hans Berger ni ó kọ́kọ́ gba irú rẹ̀ lára ènìyàn, ní ìlú Jena ní Jámánì ní ọdún 1924. Ọdún 1929 ni ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. A óò lẹ ẹnu-wáyà pẹlẹbẹ mọ́ awọ orí, ẹ̀rọ yóò sì ya ìgbì náà sórí ìwé tàbí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ yìí kò lè sọ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ní pàtó bí ẹ̀rọ olóòfà, ṣùgbọ́n ó yára púpọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti ẹ̀rọ olóòfà. Irun orí wa tí ó ki a máa dí ẹnu-wáyà lọ́wọ́. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí ní Carnegie Mellon University ní Pittsburgh tẹ iṣẹ́ kan jáde: wọ́n di irun ní ìlà-ìlà kí awọ orí lè hàn láàrin, wọ́n sì ṣe ẹnu-wáyà tí ó lè fi irun dídì náà dúró. Iṣẹ́ onídìrí wọ inú yàrá ìwádìí.

5.0 ÌJÁBỌ̀ ỌPỌLỌ

5.1 Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní neurofeedback kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹ̀rọ ń wo ìṣesí ọpọlọ aláìsàn. Kọ̀ǹpútà ń sọ ìṣesí náà di ohun tí ojú lè rí tàbí tí etí lè gbọ́. Aláìsàn ń wò ó, ó ń dán ọgbọ́n inú rẹ̀ wò, ó sì ń rí i lójú ẹsẹ̀ bóyá ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́. Bí ọmọdé tí ń kọ́ ìlù ti ń gbọ́ ìró ọwọ́ ara rẹ̀, tí ó sì ń tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni.

Orúkọ wo ni a ó fún un? Ìfèsì kò tó, nítorí pé ìbéèrè ni a ń fèsì sí. Ìdápadà jọ ohun tí a gbà tí a tún dá padà fún olówó. Àbọ̀ ìbá dára, nítorí pé ẹni tí a rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ padà wá jẹ́ àbọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onígírámà ti lo àbọ̀ fún apá kan nínú gbólóhùn, a sì ti lò ó bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ìjábọ̀ kò ní ìṣòro yìí. Ọpọlọ ni a rán níṣẹ́. Ó ń jábọ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Ìjábọ̀ ọpọlọ ni a ó máa pè é.

5.2 Iṣẹ́ tí a sábà máa ń tọ́ka sí ni ti Christopher deCharms àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005. Wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn láti yí ìṣesí apá iwájú ìgbànú ọpọlọ wọn padà nínú ẹ̀rọ olóòfà. Àwòrán iná kan wà lójú wọn tí ń tóbi, tí ń kéré, bí apá náà ti ń ṣe. Àwọn tí ara wọn le kọ́ bí wọ́n ti lè mú kí ìrora ooru pọ̀ tàbí kí ó dínkù. Àwọn aláìsàn 8 tí ìrora wọn jẹ́ ọlọ́jọ́-gbọọrọ náà sọ pé ìrora àwọn rọlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n tún fún àwọn mìíràn ní ìjábọ̀ láti apá ọpọlọ mìíràn tàbí láti ọpọlọ ẹlòmíràn, àwọn wọ̀nyí kò sì rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Inú ọ̀pọ̀ dùn sí i. Ṣùgbọ́n ènìyàn 8 kò tó láti fi ṣe òfin. Ìbéèrè tí ó le jù ni ti ìgbàgbọ́: ẹni tí a gbé sínú ẹ̀rọ olówó gọbọi, tí a sì sọ fún pé ara rẹ̀ yóò yá, ara rẹ̀ lè yá nítorí ìrètí nìkan. Ìdí nìyí tí a fi ń fún àwọn kan ní ìjábọ̀ tí kì í ṣe tiwọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ní ọdún 2017, Manuel Schabus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Salzburg ní Austria ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí kì í rí oorun sùn. Àwọn tí ó gba ìjábọ̀ gidi àti àwọn tí ó gba èyí tí kì í ṣe gidi ni wọ́n jọ sọ pé ara àwọn yá sí i, láìsí ìyàtọ̀. Oorun kì í ṣe ìrora, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan ìrora.

5.3 Ọ̀rọ̀ méjì ti ibí yìí jáde. Èkíní ni orúkọ ìjábọ̀ tí kì í ṣe gidi. Àwọn kan yóò fẹ́ pè é ní ìjábọ̀ ẹ̀tàn tàbí ayédèrú. A kò fẹ́ ẹ̀tàn, nítorí pé ìtura tí aláìsàn rí kì í ṣe ẹ̀tàn; ọpọlọ rẹ̀ ni ó rán oníbodè níṣẹ́. Ìjábọ̀ aláfarajọ ni a dábàá, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn aláfarajọ. Èkejì ni pé a kò gbọdọ̀ pe ìjábọ̀ ọpọlọ ní ìwòsàn. Ẹ̀kọ́ ni. Àwọn olùwádìí ṣì ń dán an wò. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ "ìwòsàn ọpọlọ" sí ara pátákó ti ta ọjà tí àwọn onímọ̀ kò tí ì pèsè.

6.0 ÌYÁ TÍ Ó DÌDE LỌ

Bí a bá tún fún ọ̀dọ́mọkùnrin ògbufọ̀ náà ní àǹfààní, ohun tí ó lè sọ rèé: "Màmá, wọ́n ní ìrora yín kì í ṣe irọ́, ẹ̀yìn ń dùn yín lóòótọ́. Ó ti di ìrora ọlọ́jọ́-gbọọrọ. Àwọn iṣan tí ń ta ọpọlọ lólobó ti ṣe iṣẹ́ náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí oníbodè ti gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Egungun yín kò burú tó bí ó ti ń dùn yín tó, ìròyìn ayọ̀ sì nìyẹn. Wọ́n fẹ́ kọ́ yín ní ọ̀nà tí ilẹ̀kùn náà yóò fi máa padé díẹ̀díẹ̀." Gbólóhùn yìí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí wèrè nínú rẹ̀, kò sí ikú nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí dókítà kò lè fọwọ́ sí.

7.0 ÀKÓJỌ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀-ÌPERÍ

pain: ìrora
nociception: ìtalólobó ìpalára
nerve: iṣan ìmọ̀lára
spinal cord: mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn
gate control theory: àbá oníbodè
acute pain: ìrora òjijì
chronic pain: ìrora ọlọ́jọ́-gbọọrọ
structural image: àwòrán ìrísí ọpọlọ
functional image: àwòrán iṣẹ́ ọpọlọ
grey matter: ẹran ọpọlọ aláwọ̀ eérú
cingulate cortex: ìgbànú ọpọlọ
brain wave: ìgbì ọpọlọ
electrode: ẹnu-wáyà
neurofeedback: ìjábọ̀ ọpọlọ
sham feedback: ìjábọ̀ aláfarajọ
placebo: oògùn aláfarajọ

8.0 ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ohun mẹ́ta ni ọ̀rọ̀-ìperí ìmọ̀ yìí gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀: olobó tí iṣan mú wá, ìrora tí ènìyàn ń jẹ, àti àwòrán tí ẹ̀rọ yà. Bí a bá da èkíní pọ̀ mọ́ èkejì, a ó sọ fún ẹni tí egbò rẹ̀ ti san pé kò sí ohun tí ń dùn ún. Bí a bá da èkejì pọ̀ mọ́ ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ ni yóò máa jẹ́rìí dípò aláìsàn. A kò sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá wọ̀nyí ni ó dára jù. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń lò wọ́n ní kíláàsì àti ẹ̀yin ògbufọ̀ tí ẹ ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ni ẹ ó mọ èyí tí ó wọ etí. Bí ẹ bá rí èyí tí ó sàn jù, ẹ mú un wá. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ sí etí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn.